Kókó Kan, Ọdún Kan

Omi Mẹ́náì ti fà sẹ́yìn ní aago mẹ́fà àárọ̀.
Mo ti kẹ̀kẹ́ Màmá Eluned dé etí àpáta
lábẹ́ afárá onírin ìlú Porthaethwy,
ibi tí táyà kò ti lè lọ mọ́.
Ó ní, "Lọ bá mi mú ọ̀kan wá.
Má fà á tu. Gé e. Fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, yóò tún hù."

Mo bọ́ bàtà. Àpáta ń yọ̀ bí ilá.
Ewé òkun sùn bo ilẹ̀ lọ rẹrẹ,
pupa rúsúrúsú bí irun ẹṣin tí òjò pa,
mo sì ń gbọ́ pọ́, pọ́, pọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi:
àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni mo ń tẹ̀ fọ́.

Kò ní gbòǹgbò.
Mo wá a títí, n ò rí i.
Àwo kékeré kan ló fi dì mọ́ òkúta,
kò sì bu ohunkóhun mu nínú òkúta náà;
ara ló fi ń mu omi,
ara yẹn kan náà ló fi ń jẹ oòrùn.
Okùn rẹ̀ gùn ju apá mi lọ,
ó yà, ó tún yà, bí ọ̀nà oko.
Bí omi bá dé, kókó afẹ́fẹ́ á gbé e dìde,
á dúró ṣánṣán bí igbó.
Bí omi bá lọ, á dọ̀bálẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń dọ̀bálẹ̀,
kò sì sí ọba kankan níbẹ̀.

Màmá gbà á lọ́wọ́ mi. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n.
Ogójì ọdún ló fi kọ́ni ní ìmọ̀ ewé inú omi.
"Ọdún àkọ́kọ́ kò ní kókó. Bóyá ìkejì pàápàá.
Lẹ́yìn ìyẹn, kókó kan, ọdún kan."
Ó ń kà á láti ìsàlẹ̀: un, dau, tri, pedwar, pump.
Èmi náà ń kà lọ́kàn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún.
A pàdé lórí oókànlá.
Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bi mí pé ta ni Gethin.
Gethin ni ọmọ rẹ̀.

Ó fi èékánná tọ́ àwọn èso tó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
wúruwùru bí iyeyè tí kò tíì gbó.
"Akọ nìyí, ó pọ́n díẹ̀ bí ọsàn.
Abo wà lórí okùn ọ̀tọ̀, àwọ̀ ewé ni tirẹ̀."
Tí òtútù bá ń tú, abo á da ẹyin sómi,
mẹ́rin mẹ́rin láti inú àpò kan.
Ẹyin kò nírù, kò lè rìn,
òórùn ló fi ń pe ọkọ.
Àwọn akọ, onírù méjì, á sì rọ́ wá,
wọ́n á yí i ká bí èsúnsún ṣe ń yí fìtílà ká.
Ọ̀kan ṣoṣo ló ń wọlé.
Èyí tó gboyún rì, ó di òkúta tó bá bá mú.
Ìgbín òkun jẹ èyí tó pọ̀ jù,
ìgbì gbá ìyókù lọ.
"Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọ̀kan lè má yè," ni Màmá wí.
Ó dákẹ́.
"Gethin nìkan ni mo bí."
Orúkọ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí eyín.

Mo ní, "Ṣé ó dé ọ̀dọ̀ wa?"
Ó fi ìka ya òkun sórí itan ara rẹ̀:
Nọ́wè lókè, Áísílándì, Gírínílándì,
etí omi Kánádà lódì kejì,
ó sọ̀ dé ilẹ̀ àwọn Potogí, ó dúró.
Omi gbígbóná lé e padà.
Ibi tí ìgbì bá ti ń jà, a kì í bá a níbẹ̀.
Èmi tí ìgbì gbé ilé bàbá mi lọ ní Ayétòrò,
mo mi orí, n ò sọ nǹkan kan.

Omi ti ń padà. Mo yí kẹ̀kẹ́.
Nínú bọ́ọ̀sì lálẹ́, mo rí ègé kan
tó lẹ̀ mọ́ ìgìgísẹ̀ mi, kókó mẹ́ta lára rẹ̀.
Èmi ti lo mẹ́rin níbí.
Ọdún àkọ́kọ́ kò ní kókó.